Waterman 52 tó fi ẹnu balẹ̀: bí gègé rẹ̀ ṣe padà tọ́

Kálámù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níhìn-ín jẹ́ Waterman 52, dúdú, tí wọ́n fín ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ sí ara rẹ̀ láti òkè dé ìdí. Nọ́ńbà 52 yẹn ní ìtumọ̀. Nínú ètò nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ Waterman ń lò nígbà náà, 5 ń sọ pé kálámù náà ní ọwọ́ irin kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń fa yíǹkì sínú, 2 sì ni ìwọ̀n gègé rẹ̀, ìyẹn ẹnu tó fi ń kọ̀wé. Láti nǹkan bí 1915 ni irú rẹ̀ ti wà lọ́jà, ó sì gbòde ní gbogbo àwọn ọdún 1920. Rọ́bà líle ni ara rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi imí-ọjọ́ púpọ̀ sè títí ó fi le bí ìwo. Gègé rẹ̀ jẹ́ wúrà kárátì 14, ó sì rọ̀: bí a bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ á yà, ìlà á sì nípọn. Nítorí rírọ̀ yìí ni àwọn èèyàn ṣe ń wá a kiri títí dòní, òun náà ló sì ń jẹ́ kó tètè wọ́ bó bá já bọ́.

Ká tó wọnú ọ̀rọ̀, orúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ rèé, nítorí oníkálùkù ló ní bó ṣe ń pè wọ́n. Gègé ni wúrà tó ń kan ìwé. Ìlà kan là á láàárín láti ihò tó wà ní agbedeméjì rẹ̀ (ti èyí rí bí àwòrán ọkàn) títí dé ẹnu. Ìlà yẹn ló pín in sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Ọ̀tún àti òsì tí à ń wí jẹ́ ti ẹni tó di kálámù mú tó ń kọ̀wé. Ní góńgó apá kọ̀ọ̀kan ni eyín wà: ẹ̀kán irin líle kékeré, ósmíọ́mù àti irídíọ́mù láyé ìgbà náà, tí wọ́n jó mọ́ wúrà. Ahọ́n wà lábẹ́ gègé, rọ́bà líle lòun náà. Ojú ọ̀nà tín-ín-rín inú ahọ́n ni yíǹkì ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé rọ́pò rẹ̀. Ahọ́n Waterman ní kòtò bí ṣíbí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ibẹ̀ ni yíǹkì tó bá pọ̀jù ń dúró sí dípò kó kán sórí ìwé. Ọrùn ni ibi tí ìka ń dì mú.

Ohun tó ṣe é

Kálámù náà já bọ́ láti orí tábìlì sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì láìdérí, ẹnu ló sì fi balẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń ha ìwé bí èèkánná ṣe ń ha páálí. Yíǹkì rẹ̀ ń dá dúró láàárín ọ̀rọ̀, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́, ìlà méjì tín-ín-rín ló ń kọ, àárín wọn á ṣófo. Ẹnìkan ti gbìyànjú láti tún un ṣe kó tó dé orí tábìlì iṣẹ́. Sáńdípépà ló fi nù ún, híha náà sì dínkù fún ọjọ́ méjì kó tó padà. Sáńdípépà yẹn ló sọ iṣẹ́ wákàtí kan di iṣẹ́ ọ̀sán mẹ́ta.

Lábẹ́ awò aláago tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10, a di kálámù mú kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí wa tààrà, kí iná wà lẹ́yìn rẹ̀. Eyín ọ̀tún ga ju ti òsì lọ ní nǹkan bí mìlímítà 0.3, èyí sì pọ̀ ju ìdajì ìnípọn eyín náà lọ. Nígbà tí a wò ó láti ẹ̀gbẹ́, apá ọ̀tún ti tẹ̀ sókè láti ibi tó fi mìlímítà 3 jìnnà sí ẹnu. Apá òsì tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ó ń rọ́ mọ́ ahọ́n. Nígbà tí a wò ó láti òkè, ìlà àárín fẹ̀ ní ẹnu ju bó ṣe fẹ̀ lẹ́bàá ihò lọ.

Àbùkù kẹta yìí ló ń dá yíǹkì dúró. Yíǹkì kì í ṣàn nínú gègé bí omi ṣe ń ṣàn nínú páìpù. Ojú tó há ló ń fà á, ibi tó bá sì há jù ló ń sá lọ. Bí ìlà bá fẹ̀ lẹ́bàá ihò tó sì ń há bó ṣe ń lọ sí ẹnu, yíǹkì á rìn dé ẹnu fúnra rẹ̀, á máa dúró de ìwé níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu ló fẹ̀ jù, yíǹkì á dúró sẹ́yìn níbi tó há, ẹnu á gbẹ. Ìdí nìyí tí jíjùú tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ju kálámù (tí aṣọ ẹni tó jókòó nítòsí sì ń jìyà rẹ̀) fi ń mú un kọ ìlà méjì péré kó tó tún dákẹ́.

Híha náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. A rẹ ẹnu gègé sínú yíǹkì, a fa ìlà láti òsì lọ sí ọ̀tún lórí ìwé dídán: ó ha. A fà á láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì: ó yọ́ lọ. Èyí bá ohun tí awò fi hàn mu. Eyín òsì ló wà nísàlẹ̀, òun nìkan ló ń kan ìwé. Nígbà tí ọwọ́ bá ń lọ sí ọ̀tún, etí inú eyín yẹn, tó mú bí abẹ, ló ń ṣáájú, òun ló sì ń họ ìwé. Nígbà tí ọwọ́ bá ń padà sí òsì, ìhà òde rẹ̀ tó rí roboto ló ń ṣáájú. Ká ní eyín ọ̀tún ló wà nísàlẹ̀ ni, òdì kejì ni ì bá jẹ́. Ẹni tí kò ní awò lè fi ìdánwò yìí nìkan mọ apá tó wà nísàlẹ̀.

Eyín òsì yẹn náà ni sáńdípépà ti jẹ, nítorí òun ló yọ síta. Abẹ́ rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti ọ̀tún ṣì rí roboto bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí apá méjèèjì bá padà dọ́gba, eyín òsì ni yóò kúrú, tí ọ̀tún yóò sì wá di èyí tó ń ha. Irú èyí là ń bá pàdé jù lára gègé tó ti gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá. Híha kì í sábà wá láti ara eyín tó rí ṣákiṣàki. Àìdọ́gba eyín méjèèjì ló sábà ń fà á, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ na ọwọ́ sí sáńdípépà, eyín tí kò ṣẹ̀ ló ń fá.

Ó ku ohun kan ká tó fọwọ́ kan an: bóyá ó ti sán. Wúrà tó bá tẹ̀ lójijì lè sán láti etí ihò tàbí láti èjìká (ibi tí gègé ti fẹ̀ jù), kí ojú lásán má sì rí i. A rẹ gègé sínú yíǹkì, a nù ún gbẹ dáadáa, a sì ń wò ó fún ìṣẹ́jú 5. Bí ìlà yíǹkì tín-ín-rín bá tún yọ níbi tí kò yẹ, ó ti sán nìyẹn, alágbẹ̀dẹ wúrà tó ní ẹ̀rọ lésà ló lè jó o. Ti èyí kò sán.

Títú u

Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tún kálámù ṣe máa ń sọ ọ́ sínú omi di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyẹn sì dára fún kálámù oníke ayé òde òní. Ẹ má ṣe é fún rọ́bà líle. Ìmọ́lẹ̀ ti ń jẹ ojú rẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ sì ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láìhàn. Bí omi bá kàn án, pàápàá omi gbígbóná, dúdú rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú lójú ẹsẹ̀, fífọ̀ kankan kò sì ní dá a padà. Gbogbo ooru tó kan ara àti ọrùn kálámù yìí, ooru gbígbẹ ni.

Ọrùn Waterman 52 kò ní tẹ́rẹ́dì. Ṣe ló wọnú ara kálámù tó sì há síbẹ̀, yíǹkì tó gbẹ sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. A fi dráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ oríkèé náà láti sẹ̀ntímítà 10, à ń yí i lọ́wọ́, fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. A dúró díẹ̀, a tún fẹ́ ẹ, títí ó fi gbóná dé ibi tí ọwọ́ ṣì lè gbà á mọ́ra, nǹkan bí 60°C. Iná àbẹ́là àti láítà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Rọ́bà líle á wú, á sì yí padà. Kálámù mìíràn tó sì jọ ọ́ lójú lè jẹ́ sẹ́lúlọ́ìdì, tó ń gbiná bí ètù. Nígbà tó gbóná, a fi awẹ́ rọ́bà táyà inú bo ìka kó má baà yọ̀, a ń mì ín sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, a sì ń fà á. Ẹni tó bá lọ́ ọ bí ẹni ń lọ́ aṣọ tútù á gbọ́ ìró ètè ara kálámù tó ń sán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni a gbé e padà sí abẹ́ dráyà kó tó jáde.

Àpò rọ́bà àtijọ́ tó ń gba yíǹkì sínú ti gan bíi gúgúrú, ó sì fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ikùn kálámù. A gbọ̀n ọ́n dànù, a fi ọ̀bẹ kékeré ha èyí tó lẹ̀ mọ́ ọmú ọrùn, ìyẹn ibi tí àpò ń wọ̀ sí.

Kí gègé tó jáde, a wọn bó ṣe yọ síta: mìlímítà 16 láti ètè ọrùn dé góńgó eyín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá dá gègé padà sínú jù tàbí síta jù, yíǹkì á pọ̀jù tàbí á kéré jù, èèyàn á sì máa dá gègé lẹ́bi lásán. Lẹ́yìn náà a gbé ọrùn sórí búlọ́ọ̀kù igi tí a lu ihò sí, gègé kọjú sísàlẹ̀ sínú ihò láìkan nǹkan kan, aṣọ tí a ká wà lábẹ́ láti gbà á. A ki ọ̀pá idẹ mìlímítà 2.5 bọ inú ọmú ọrùn títí ó fi kan ìdí ahọ́n, a sì fi òòlù kékeré kàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìdí ahọ́n ni kí ọ̀pá kàn, kó má kan ìdí gègé. Lílù méje, méjèèjì jáde pa pọ̀.

Gègé lè wẹ̀ bó ṣe wù ú: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀. Ahọ́n gba omi tútù àti àmóníà inú ilé, ìdá 1 àmóníà sí ìdá 9 omi, ìṣẹ́jú 15 péré, a sì ṣan án. A fi pẹlẹbẹ idẹ tó nípọn mìlímítà 0.05 wa yíǹkì gbígbẹ kúrò nínú àwọn ojú ọ̀nà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò dára níbẹ̀, nítorí ó ń họ ojú ọ̀nà náà, ó sì ń yí bí yíǹkì ṣe ń rìn padà.

Títọ́ gègé

Wúrà kárátì 14 yàtọ̀ sí wúrà pọ́ńbélé. Nǹkan bí ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni wúrà, fàdákà àti bàbà ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Àdàlú yẹn ló fún un lágbára láti tẹ̀ kó sì dá padà. Agbára kan náà ló ń bá ẹni tó ń tọ́ ọ jà: bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó yẹ tí a sì fi í sílẹ̀, á dá padà sí ìdajì ọ̀nà. A ní láti tẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀ díẹ̀ kó tó lè dúró síbẹ̀. Àmọ́ bí a bá tẹ ojú kan náà lọ, tẹ̀ ẹ́ bọ̀, wúrà á máa le sí i níbẹ̀ títí á fi sán. Iná kò sì ṣeé fi rọ̀ ọ́, nítorí iná á gba agbára ìdápadà náà pátápátá, gègé tó rọ̀ tẹ́lẹ̀ á wá rí bí tánńganran. Nítorí náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹsẹ̀: títẹ̀ díẹ̀, wíwò lábẹ́ awò, títẹ̀ mìíràn.

Ètò iṣẹ́ náà kò ṣeé yí padà. A kọ́kọ́ tọ́ apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ títí tí kò fi ní wíwọ́ nígbà tí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni a mú eyín méjèèjì dọ́gba. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a tó dé ọ̀rọ̀ ìlà àárín. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ eyín á tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé bí a bá tọ́ wíwọ́ kan ní ẹ̀yìn, ohun gbogbo tó wà níwájú rẹ̀ ló ń ṣí kúrò ní ipò.

Ohun èlò kò pọ̀. Ọ̀pá igi líle roboto mìlímítà 6 tí ikùn gègé lè gùn. Ìdajì igi mìíràn tí a gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí, kí gègé lè sùn sínú rẹ̀ lẹ́yìn. Àti irin dídán tí orí rẹ̀ rí roboto, tí kò ní ìhà mímú kankan. Ẹ̀mú eléyín ni kó jìnnà sí ibẹ̀. Àpá eyín rẹ̀ lára wúrà kò ní parẹ́.

Apá ọ̀tún, tó tẹ̀ sókè, la fi bẹ̀rẹ̀. Gègé gun ọ̀pá igi, ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè, a sì fi irin dídán ra á láti ibi tó tẹ̀ lọ sí ẹnu, à ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí a ń lọ aṣọ láìgbóná. Lẹ́yìn ìrá mẹ́fà ó sọ̀kalẹ̀, ó sì kọjá ààlà: góńgó rẹ̀ wá sábẹ́ apá òsì. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti fẹ́ bàjẹ́ nìyí. Bí a bá kàn gbé e sókè padà, a ti bẹ̀rẹ̀ títẹ̀ lọ títẹ̀ bọ̀ nìyẹn. A dá ọwọ́ dúró, a gbé gègé sábẹ́ gílóòbù, a sì ń wo ìlà ìmọ́lẹ̀ tó sùn gbọọrọ lórí wúrà náà. Lára gègé tó tọ́, ìlà ìmọ́lẹ̀ yẹn á lọ láìjá láti ihò dé ẹnu. Ibi tó bá já tàbí tó bá rọ́ ni wíwọ́ wà, bí ojú lásán kò tilẹ̀ rí i. Ó já níbi méjì. Èyí tó wà ní mìlímítà 3 la ti mọ̀. Èkejì wà ní mìlímítà 1 sí ẹnu, ó sì tẹ̀ sílẹ̀, òdì kejì ti àkọ́kọ́. Ẹnu ló kọ́kọ́ rọ́ nígbà tó kan sìmẹ́ńtì, ara tó tẹ̀ lé e ló wá tẹ̀ sókè. Wíwọ́ kékeré yẹn, lábẹ́ ẹnu, ló mú kó dà bíi pé àtúnṣe ti pọ̀jù. A sùn gègé sínú kòtò igi, ikùn rẹ̀ kọjú sókè, a fi irin ra mìlímítà tó kángun náà nìkan, ìrá méjì. Ìlà ìmọ́lẹ̀ tọ́.

Apá òsì kò le tó bẹ́ẹ̀: ìrá mẹ́ta láti inú ikùn, ó ti kúrò lọ́dọ̀ ahọ́n.

Ọ̀rọ̀ eyín ló wá kù, sáńdípépà àná sì ń dúró dè wá níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn apá méjèèjì dọ́gba rẹ́gí, abẹ́ eyín kò dọ́gba: ti òsì kúrú ní nǹkan bí mìlímítà 0.03. Ẹni tó bá tò ó bí ìwé ṣe wí, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, á ní gègé tó lẹ́wà tó sì ń ha. Abẹ́ eyín ló ń kan ìwé, nítorí náà abẹ́ ni a tò. A fi èékánná àtàǹpàkò tẹ apá òsì sílẹ̀ kọjá ọ̀tún, a dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, a fi í sílẹ̀, a wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì, abẹ́ méjèèjì dọ́gba. Ní ẹ̀yìn, àkàbà tín-ín-rín kan wà tí awò nìkan lè rí. Ẹni tó bá fẹ́ gègé fún ìfihàn lè bínú sí i. Ẹni tó fẹ́ kọ̀wé kò ní mọ̀ pé ó wà.

Láti pa ẹnu ìlà pọ̀, a gbé apá òsì gun ọ̀tún bí ẹsẹ̀ tó gun ara wọn, ìṣẹ́jú-àáyá 5. A yí i padà, ọ̀tún gun òsì, ìwọ̀n kan náà. Ìdí tí a fi ń ṣe méjèèjì ni kí ìkankan nínú wọn má baà ga ju èkejì lọ. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ ń kọjá nínú ìlà láti ihò, ó ń tín-ín-rín, ó sì parẹ́ ní mìlímítà 1 sí ẹnu. Ìyẹn há díẹ̀ jù: bí eyín bá fún ara wọn mọ́ra gírígírí, yíǹkì kò ní í jáde àyàfi tí a bá tẹ̀ ẹ́. A ki pẹlẹbẹ idẹ mìlímítà 0.05 bọ ìlà láti ihò, a fà á jáde ní ẹnu lẹ́ẹ̀kan péré. Fún gègé rírọ̀ bí èyí, ó yẹ kí eyín méjèèjì fara kan ara wọn wẹ́rẹ́ nígbà tó bá wà ní ìsinmi. Gègé líle lè gba àlàfo tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Dídá a padà sọ́rùn

Gègé tó dọ́gba lọ́wọ́ lè má dọ́gba lọ́rùn. A tẹ́ ẹ sórí ahọ́n, ìlà gègé sí àárín ojú ọ̀nà ahọ́n, a sì tì wọ́n wọlé pa pọ̀ títí ó fi di mìlímítà 16. Lábẹ́ awò, eyín ọ̀tún tún ti gbéra, nǹkan bí mìlímítà 0.05. Ìdánwò ńlá nìyí, nítorí ọwọ́ á fẹ́ lọ tẹ gègé. Gègé kò yí padà ní ìṣẹ́jú kan. Ahọ́n ló yí díẹ̀ sí ọ̀tún nígbà tó ń wọlé, ìhà rẹ̀ sì ń ti apá ọ̀tún sókè. A fà wọ́n jáde, a tún wọn tò, eyín dọ́gba láìfọwọ́ kàn wọ́n.

Àlàfo kan ṣì wà láàárín ahọ́n àti ikùn gègé lẹ́bàá ẹnu, bébà ìwé tín-ín-rín lè wọ ibẹ̀. Ahọ́n gbọ́dọ̀ fara mọ́ gègé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yíǹkì á já nígbà tí ẹnu bá yà. Rọ́bà líle máa ń rọ̀ nínú ooru, a sì lè tún un mọ. A ti gègé àti ahọ́n nìkan bọ omi 80°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, ètè ọrùn kò kan omi rárá, a sì fi àtàǹpàkò tẹ ahọ́n mọ́ gègé títí ó fi tutù, bí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹ lo aṣọ, ó ń jóni. Ojú ahọ́n pọ́n díẹ̀ lábẹ́, bí a ṣe retí, ṣùgbọ́n abẹ́ ni.

Nígbà yìí gan-an ni sáńdípépà tó dé ọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe irú ti káfíńtà. A rẹ gègé sínú yíǹkì, a kọ̀wé: ìlà jáde láìdúró, híha kékeré kan ló kù nígbà tí ọwọ́ bá ń padà sí òsì, ìyẹn etí inú eyín ọ̀tún. Aṣọ ìdán nọ́ńbà 12000, tó lómi, ni a tẹ́ sórí tábìlì. A kọ nọ́ńbà 8 sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún láìtẹ̀ ẹ́, a dúró, a kọ̀wé, a tún kọ márùn-ún mìíràn. Lẹ́yìn náà ìwé ìdán máíkírọ́ọ̀nù 1 (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), nọ́ńbà 8 mẹ́ta. A kò kọjá ibẹ̀. Bí eyín bá dán jù bíi dígí tí ìhà inú rẹ̀ sì rì wọlé, kò ní kan yíǹkì mọ́ ìwé, ìlà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á máa ṣófo.

Àpò tuntun kò gba àkókò. Nọ́ńbà 16 ló bá ọmú ọrùn mu, ìyẹn ìdá 16 nínú 64 íńṣì, mìlímítà 6.35 ní fífẹ̀. A gé e kó kúrú ju ikùn kálámù lọ ní mìlímítà 3 kó má baà ká kò níbẹ̀, a fi ṣẹ́láàkì, irú gọ́lùù kan, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmú, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a da páúdà táákì tí kò lóòórùn sí i lára, ó sì wọlé. Gọ́lùù alẹ̀yára kò yẹ níbí, nítorí ẹni tó bá máa tú u lọ́jọ́ iwájú á fọ́ ọmú náà.

Omi ni a fi kún un lẹ́ẹ̀kíní, wákàtí 12 ní dídúró ṣánṣán, gègé sísàlẹ̀: kò kán. Lẹ́yìn náà yíǹkì aláró tí wọ́n ṣe fún irú kálámù bẹ́ẹ̀. Yíǹkì dúdú àwọn ayàwòrán, àti tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ wàláà, kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀: èédú àti ohun tó ń lẹ̀ ló wà nínú wọn, ojú ọ̀nà ahọ́n á sì dí pa bí wọ́n bá gbẹ.

Láìtẹ̀ ẹ́, ìlà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.4; bí a bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọwọ́ ń bọ̀ wálẹ̀, ó fẹ̀ dé 1.2 kò sì já. Ó lè fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a kò gbà á níyànjú, torí ibi tó ti tẹ̀ ní mìlímítà 3 sí ẹnu kò ní gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá di kálámù mú kó dúró ṣánṣán, eyín òsì ṣì ń ha díẹ̀ ní etí ibi tí wọ́n fá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ni ín máa ń fi kálámù sùn sẹ́yìn dáadáa bó bá ń kọ̀wé, kò sì kan etí yẹn. Sáńdípépà lè mú híha náà kúrò, á sì mú nínú ìwọ̀nba tó kù lára eyín náà lọ. A fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.